Àtìpó Oníṣẹ́ Ọnà Nílé Ẹ̀rọ: Àgbéyẹ̀wò Àdéhùn Àárín Oníṣẹ́ Ọnà àti Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn ilé-ìwádìí ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ti ń gba ayàwòrán, olórin, akéwì àti oníṣẹ́ fíìmù sílé fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè bá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ pọ̀. Pépà yìí ṣe àgbéyẹ̀wò mélòó kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀: ti Murray Hill, ti New York àti Osaka, ti Los Angeles, ti Stanford àti ti Palo Alto. Ó fi wọ́n wé ìkọ́ṣẹ́ àti iṣẹ́ àtìpó nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ohun tí ó hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé agbára ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń mú kí irú ètò bẹ́ẹ̀ so èso. Àdéhùn tó wà láàrin onílé àti àlejò ló ń pinnu rẹ̀: àkókò tí wọ́n fún un, ẹni tí wọ́n fi tì í, àti orúkọ tí iṣẹ́ náà yóò máa jẹ́. Pépà náà dábàá bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ṣe lè fi ẹ̀kọ́ yìí tún ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe.

1.0 Ìfáárà

Kò sí oníṣẹ́ ọnà tí kì í bá ohun èlò rẹ̀ dúnàá-dúrà. Agbẹ́gilére mọ̀ pé igi ní ọ̀nà tí ó gbà ń là. Aláró mọ ìgbà tí aró tó láti fi rẹ aṣọ. Ọmọ Àyàn mọ bí awọ ṣe gbọ́dọ̀ gbẹ tó kí ìlù tó lè fọhùn. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kọ̀ǹpútà, ní ìwà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kò lè mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, kò sí ayàwòrán tàbí olórin kan tí agbára rẹ̀ ká kọ̀ǹpútà. Odidi yàrá ni ẹ̀rọ kan ń gbà, ilé-iṣẹ́ ńlá, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ìjọba nìkan ló sì lè rà á. Oníṣẹ́ ọnà tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án ní láti wọ ilé onílé. Láti inú àìní yìí ni oríṣi ètò méjì ti jáde. Èkínní ni ti ẹni tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tí ilé-iṣẹ́ gbà wọlé fún àkókò kan kí ó wá fi ẹ̀rọ wọn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pépà yìí pè ní àtìpó oníṣẹ́ ọnà. Èkejì ni ti ẹni tí kò tíì mọṣẹ́, tí wọ́n fi sí abẹ́ ọ̀gá kí ó lè kọ́ ọ. Ìyẹn ni ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń fi àìmọye àwòrán, ohùn àti ìwé kọ́gbọ́n ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà tún ti padà sí ẹnu ọ̀nà onílé. Ó yẹ kí ó mọ ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ rí níbẹ̀ kí ó tó kàn ìlẹ̀kùn.

2.0 Àtìpó àti Ìkọ́ṣẹ́ nínú Iṣẹ́ Ọnà Yorùbá

Kí oníṣẹ́ ọnà fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé onílé kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àpẹẹrẹ kan tó gbajúmọ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tó kú ní 1938. Ààfin Arínjalẹ̀ ni ó ti ń sin ọba, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kàn dé ìlú mìíràn. Láàrin 1910 sí 1914, ó ṣe òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára ìlẹ̀kùn yìí ni ó gbẹ́ àwòrán ìgbà tí òyìnbó aláṣẹ wá kí Ògògà sí. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, ó sì di ti British Museum. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí nínú ìtàn yìí ni pé onílé tó gbéṣẹ́ fún àtìpó ni ó ni iṣẹ́, òun náà ló sì ní àṣẹ láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láyé ìgbà náà nìyẹn. Ìbéèrè ta ló ni iṣẹ́ tí àtìpó ṣe kì í ṣe ti òní.

Ní ti ìkọ́ṣẹ́, ìlànà rẹ̀ yé gbogbo ènìyàn. Òbí a mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn a fẹnu kò lórí iye ọdún, ọmọ a sì máa gbálẹ̀, a máa pọn omi, a máa pọ́n irinṣẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tó iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ó bá gba òmìnira, ọ̀gá a súre fún un lójú ẹlẹ́rìí. Lámidì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, gba ọ̀nà yìí. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámidélé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Bándélé, ọmọ Aréógun, ní ibùdó iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947.

Àpẹẹrẹ kẹta ni ti Òṣogbo. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú. Nínú ti 1964, tí Georgina Beier darí, ni Jímọ̀ Búráímọ̀, Muráínà Oyèlámì àti Twins Seven-Seven ti bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán. Ọjọ́ díẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ díẹ̀ yẹn nìkan ló sọ wọ́n di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, ṣùgbọ́n wọ́n rí ibi tí wọ́n ti lè máa bá iṣẹ́ lọ, wọ́n rí ẹni tó ń wo iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ náà sì ń jẹ́ orúkọ wọn. Nígbà tí Ulli Beier tún dá Ìwàlẹwà-Haus sílẹ̀ ní Bayreuth, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1981, ìlànà yìí kan náà ni ó gbé lọ: kí oníṣẹ́ ọnà wá gbé, kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun mẹ́ta ló hàn kedere: àkókò, alábàáṣiṣẹ́ àti orúkọ. Àwọn ni òṣùwọ̀n tí pépà yìí yóò fi wọn àwọn ètò ilé ẹ̀rọ.

3.0 Murray Hill: Àlejò Tí Ọ̀rẹ́ Gbà Sílé

Ilé-ìwádìí Bell wà ní Murray Hill, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T ló ni ín, nítorí náà ọ̀rọ̀ bí ohùn ènìyàn ṣe ń gba inú wáyà kọjá jẹ wọ́n lógún púpọ̀. Láti inú ìwádìí nípa ohùn ni orin kọ̀ǹpútà ti yọ. Ní 1957, ẹnjiníà Max Mathews kọ ètò kan tí ó pè ní MUSIC, èyí tó mú kí kọ̀ǹpútà IBM 704 dá ohùn orin jáde. Orin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dán an wò kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 17 lọ. Mathews tètè mọ̀ pé ẹ̀rọ tó lè kọrin yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ní orin láti kọ. Ó nílò àwọn tí orin jẹ́ iṣẹ́ wọn.

James Tenney, olórin, wọ ibẹ̀ ní 1961, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1964. Ojoojúmọ́ ni ó ń wakọ̀ láti New York lọ síbi iṣẹ́, tí ó ń gba ihò abẹ́ odò kan kọjá. Ariwo ọkọ̀ inú ihò yìí kọ́kọ́ ń sú u, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí fetí sí i. Láti inú rẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ orin rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1961, iṣẹ́ tí kò ní ju ariwo tí a tò létòlétò lọ. Kò sí ẹnjiníà tó lè ronú bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ẹnjiníà tẹlifóònù ń fi gbogbo ayé rẹ̀ lé jáde lórí wáyà ni ariwo.

Jean-Claude Risset wá láti ilẹ̀ Faransé ní 1964, ó sì tún padà wá ní 1967. Onímọ̀ físíìsì ni, olórin sì ni pẹ̀lú. Títí di ìgbà náà, kọ̀ǹpútà kò lè fara wé ohùn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Risset ṣe àyẹ̀wò ohùn náà finnífinní, ó sì rí i pé bí ìró trọ́ńpẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń le sí i ni àwọn ìró tín-ín-rín òkè rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí ó fi òfin yìí sínú kọ̀ǹpútà ni trọ́ńpẹ́ẹ̀tì tó dún bí trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ní 1969, ó kó àwọn ohùn tí ó ṣe jọ sínú ìwé kan pẹ̀lú àlàyé bí ẹlòmíràn ṣe lè ṣe wọ́n. Nínú iṣẹ́ yìí, ó ṣòro láti sọ ibi tí olórin ti parí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwòrán, Ken Knowlton ni ó ṣe BEFLIX ní 1963, èdè tí ó wà fún ṣíṣe fíìmù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Lillian Schwartz, tí wọ́n bí ní 1927, dé Murray Hill lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ kan wà nínú ìpàtẹ tí Museum of Modern Art ṣe ní New York ní 1968. Níbi ìpàtẹ yẹn ni ó ti bá Leon Harmon, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ Bell, pàdé. Ó lo EXPLOR, èdè mìíràn tí Knowlton ṣe, láti fi ṣe fíìmù bíi Pixillation ní 1970. Nínú fíìmù yìí, Schwartz kò jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ó fi àwòrán tí ó fọwọ́ kùn lọ́dà há àárín àwọn àwòrán oníhòró tí kọ̀ǹpútà ṣe, tó fi jẹ́ pé ojú kò tètè mọ èyí tí ó jẹ́ tọwọ́ àti èyí tí ó jẹ́ tẹ̀rọ. Ó wà pẹ̀lú wọn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó kú ní 2024.

Laurie Spiegel náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1973 sí 1979. Orin kan tí ó ṣe ní Murray Hill wà nínú àwo orin tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí òfuurufú pẹ̀lú ọkọ̀ Voyager ní 1977.

Bí èso yìí ti pọ̀ tó, bí àwọn àlejò ṣe wọlé yẹ fún àkíyèsí. Kò sí ìwé ìkéde, kò sí ìgbìmọ̀ ìyanisípò. Ọ̀rẹ́ ló ń mú ọ̀rẹ́ wá. Ọ̀gá bíi John Pierce ló ń fi ara bò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó lówó. Spiegel jẹ́ àlejò níbẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ní òmìnira tó pọ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń béèrè èrè lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rẹ́ gbà sílé kò ní ohun tí yóò gbé jáde bí ọ̀rẹ́ bá kúrò nílé. Àkókò wà, alábàáṣiṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àdéhùn kò múlẹ̀.

4.0 New York, Osaka àti Los Angeles: Àlejò Tí Ilé-iṣẹ́ Gbà Sílé

Billy Klüver, ẹnjiníà kan ní ilé-ìwádìí Bell, ni ó fẹ́ sọ ìbáṣepọ̀ yìí di ohun tó lórúkọ. Ní oṣù kẹwàá 1966, oníṣẹ́ ọnà 10 àti nǹkan bí ẹnjiníà 30 pàtẹ iṣẹ́ ní alẹ́ mẹ́sàn-án nínú gbọ̀ngàn àwọn ọmọ ogun kan ní New York. Èrò tó lé ní 10,000 ló wá wò ó. Nínú eré tí Robert Rauschenberg ṣe, àwọn méjì ń gbá tẹníìsì. Ẹ̀rọ wà nínú igi tí wọ́n fi ń gbá a, bí bọ́ọ̀lù bá sì ti ba igi náà, iná kan a kú, títí gbogbo gbọ̀ngàn fi ṣókùnkùn. Lẹ́yìn èyí ni Klüver, Rauschenberg, Robert Whitman àti Fred Waldhauer dá ẹgbẹ́ E.A.T. sílẹ̀, láti máa so oníṣẹ́ ọnà mọ́ ẹnjiníà.

Iṣẹ́ ńlá tí ẹgbẹ́ yìí ṣe ni ilé ìpàtẹ tí ilé-iṣẹ́ Pepsi gbé fún wọn ní Osaka, ní ilẹ̀ Jàpáàn, ní 1970. Dígí rìbìtì ńlá ni inú rẹ̀. Fujiko Nakaya fi kùrukùru tí wọ́n fi omi ṣe bo òrùlé rẹ̀. Ẹwà ilé náà kò ní àfiwé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n ṣí i tí àárín ilé-iṣẹ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọnà fi dàrú lórí owó ìtọ́jú rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa darí ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. Pepsi gba ilé rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì kó ẹrù wọn. Ẹ̀rọ kọ́ ló bàjẹ́, àdéhùn ni.

Ní Los Angeles, Maurice Tuchman, olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, ṣe ètò tirẹ̀ láàrin 1967 àti 1971. Ó fi oníṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan sí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bára mu. Jackson Mac Low, akéwì, lo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Information International ní 1969. Ó kọ àwọn gbólóhùn sílẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń yà wọ́n, ó ń tò wọ́n lọ́nà tí akéwì fúnra rẹ̀ kò lè sọ tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn kò bára mu rárá. John Chamberlain, tó ń fi irin ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe ère, ni wọ́n fi sí RAND, ilé-iṣẹ́ àwọn elérò ìjìnlẹ̀. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé ìdáhùn ni òun ń wá, kì í ṣe ìbéèrè. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dùn sí i. 

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ àbájáde ètò náà ní 1971, kò sí iṣẹ́ obìnrin kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà ìlú náà kó ara wọn jọ, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Ìbéèrè wọn rọrùn: ta ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ fún? Lọ́dún kan náà tí wọ́n ń béèrè èyí, Lillian Schwartz ń ṣe fíìmù ní Murray Hill. Kì í ṣe pé obìnrin kò lè ṣe é, kì í sì í ṣe pé wọn kò sí.

5.0 Stanford àti Palo Alto: Àlejò Tí Ó Ní Ẹnì Kejì

Harold Cohen jẹ́ ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àwọn tó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbi ìpàtẹ Venice ní 1966. Ní 1968, ó lọ sí Yunifásítì California ní San Diego, níbi tí ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà náà, ó sì ti lórúkọ. Síbẹ̀ ó gbà láti padà di ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Láti 1973 sí 1975, ó jẹ́ àlejò onímọ̀ ní ilé-ìwádìí Stanford, níbi tí wọ́n ti ń wádìí bí ẹ̀rọ ṣe lè ronú. Ibẹ̀ ni AARON ti bẹ̀rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yàwòrán fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tí Cohen gbé lọ síbẹ̀ kì í ṣe ti ẹnjiníà. Ó fẹ́ mọ bí ilà díẹ̀ lórí bébà ṣe ń di àwòrán lójú ẹni tó ń wò ó. Kò jáwọ́ nínú rẹ̀ títí ó fi kú ní 2016. Ọdún méjì ni ó fi ṣe àtìpó. Ohun tí ó rí níbẹ̀ bá a gbé fún ogójì ọdún.

Ní Palo Alto, ní ilé-ìwádìí Xerox tí wọ́n ń pè ní PARC, Rich Gold dá ètò àtìpó oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1993. Ìlànà tí ó fi yàtọ̀ ni pé wọn kì í fi oníṣẹ́ ọnà sí ilé-iṣẹ́ lásán. Ẹnì kan ni wọ́n ń fi tì í, onímọ̀ tó ń lo irú ohun èlò tí òun náà ń lò. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ bá ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ pàdé. Ẹni tó ń fi àwòrán ṣiṣẹ́ bá ẹni tó ń wádìí àwòrán. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wà láti sọ láti ọjọ́ kìíní.

Iṣẹ́ kan tó gbajúmọ̀ láti ibẹ̀ ni ti Natalie Jeremijenko. Ó so okùn rọ́bà kan tó gùn tó mítà méjì àbọ̀ kọ́ òrùlé, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lára wáyà tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà ilé náà pọ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí wáyà, okùn náà a máa yí bí ejò. Bí kò bá sí iṣẹ́, a máa mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè mọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó láì wo ojú kọ̀ǹpútà kankan. Ní 1995, Mark Weiser àti John Seely Brown, àwọn àgbà onímọ̀ PARC, fi okùn yìí ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tí kì í dá ènìyàn lágara, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Oníṣẹ́ ọnà so okùn kan kọ́, onímọ̀ rí èrò tuntun nínú rẹ̀. Ibi tí àǹfààní tọ̀tún-tòsì ti ń wá nìyí. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

6.0 Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àdéhùn Sọ

Bí àwọn àpẹẹrẹ òkè yìí bá dúró gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló tibẹ̀ jáde.

Àkọ́kọ́ ni àkókò. Risset ní láti padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Schwartz pẹ́ níbẹ̀. Cohen lo ọdún méjì. Ẹni tí wọ́n gbà fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò mọ orúkọ ẹ̀rọ, kò ní mọ ìwà rẹ̀. Ètò kúkúrú kò burú, bí ti Òṣogbo ti fi hàn, bí ó bá ní ibi tí iṣẹ́ yóò gbà máa tẹ̀síwájú lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì ni alábàáṣiṣẹ́. Ohun tó ya PARC sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, tó sì fẹ́ kí ó wá. Àlejò tí kò ní ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án yóò máa rìn kiri ọgbà ni.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ àti ẹ̀tọ́. Ta ni yóò ni iṣẹ́ náà? Ta ni yóò ni àṣẹ kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ nítorí rẹ̀? Bí iṣẹ́ bá kú nítorí pé ẹ̀rọ ti gbó, ta ni yóò tún un ṣe? Ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè ṣí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ìbéèrè kẹta yìí ti le sí i lónìí. Láyé Tenney, ohun tí oníṣẹ́ ọnà ń fún onílé ni èrò rẹ̀ àti etí rẹ̀. Lóde òní, ó ṣeé ṣe kí ohun tí onílé ń fẹ́ jẹ́ ohùn rẹ̀ gan-an, ọ̀nà ìyàwòrán rẹ̀, tàbí èdè abínibí rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè fi kọ́gbọ́n. Bí akéwì Yorùbá bá ka oríkì sínú ẹ̀rọ fún wákàtí 50, ó yẹ kí ìwé àdéhùn sọ bóyá ẹ̀rọ náà lè máa fi ohùn rẹ̀ kí ènìyàn lẹ́yìn tí ó bá ti lọ sílé. Oríkì kì í ṣe ti ẹni tó ń kà á nìkan. Ìdílé kan ló ni ín. Àdéhùn tí ó bá gbàgbé ìdílé náà kò tíì pé.

Kì í ṣe ìbẹ̀rù ni ó yẹ kí èyí dá sílẹ̀. Emeka Ogboh, oníṣẹ́ ohùn tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ariwo ìlú Èkó, wà ní Berlin ní 2014 gẹ́gẹ́ bí àtìpó oníṣẹ́ ọnà lábẹ́ ètò DAAD. Láti inú àtìpó yìí ni iṣẹ́ tí ó gbé lọ sí Venice ní 2015 ti jáde: àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé Berlin kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì ní èdè abínibí wọn mẹ́wàá, olúkúlùkù nínú ẹ̀rọ agbóhùnjáde tirẹ̀. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Àlejò ni Ogboh, ṣùgbọ́n ìbéèrè tirẹ̀ ni ó gbé wọ ilé onílé: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ orin ìlú tí ó ń gbé?

7.0 Ìwúlò Rẹ̀ fún Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́

Ní Nàìjíríà, àjọ ITF dá ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní SIWES sílẹ̀ ní 1973, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú rí iṣẹ́ tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tàbí ti kọ̀ǹpútà bá dé ibi ìkọ́ṣẹ́ tí kò sí ẹni tí wọ́n fi tì í, omi títù àti ìwé dídà lẹ́dà ni yóò máa ṣe títí oṣù yóò fi pé. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ayé àtijọ́ náà pọn omi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ ọ̀gá. Ẹni tó ń pọn omi tí kò rí ọwọ́ ọ̀gá kì í ṣe ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Àbá mẹ́ta ló jẹ yọ. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kí wọ́n mọ orúkọ ẹni tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́, kí ó má jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan. Kí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ máa sọ ohun tí ó ṣe àti ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà máa gba àtìpó lọ́wọ́ ara wọn. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní owó ọkọ̀.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí irú àtìpó bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Àpẹẹrẹ kan ni àmì ohùn. Nínú ìlànà Unicode tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ní láti gbé àmì ohùn lé orí lẹ́tà fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó ya lẹ́tà náà kò bá mọ̀ pé àmì lè wà lókè kí ó sì wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmì a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ ohun tí àmì náà ń ṣe fún ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà mọ bí lẹ́tà ṣe ń dé ojú ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà mọ bí lẹ́tà ṣe ń lẹ́wà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọjá lára ara wọn lójoojúmọ́ nínú ọgbà kan náà.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Pépà yìí ti ṣe àgbéyẹ̀wò bí oníṣẹ́ ọnà ṣe di àtìpó nílé ẹ̀rọ. Ó fi hàn pé Murray Hill ní òmìnira ṣùgbọ́n kò ní àdéhùn tó múlẹ̀. Pé Osaka ní owó ṣùgbọ́n ó kọsẹ̀ lórí àṣẹ. Pé Los Angeles ní ètò ṣùgbọ́n ó gbàgbé ìdajì ènìyàn. Pé Stanford àti Palo Alto so èso nítorí pé àlejò ní ìbéèrè tirẹ̀ àti ẹni tí yóò bá a sọ ọ́. Yorùbá ti mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Òbí tó mú ọmọ lọ síbi iṣẹ́ kì í béèrè bí ilé ọ̀gá ti tóbi tó. Ohun tó ń béèrè ni iye ọdún, ìwà ọ̀gá àti ọjọ́ òmìnira. Ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ni ó yẹ kí olùkọ́ máa bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé tí yóò gbé lọ sí ilé ẹ̀rọ.